Lẹ́tà Tí Mi Ò Fẹ́ Kí Ẹnikẹ́ni Kà

Títí ayé mi ni mo máa rántí Ọjọ́rú kan tí mo jókòó níwájú ìgbìmọ̀ ìjọba ní Òṣòdì, tí akọ̀wé wọn ń fi ohùn jẹ́jẹ́ ka èébú tí mo fọwọ́ ara mi kọ. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí. Ọ́fíìsì ìlera kan ní Ìsọlọ̀ ni mo ti ń tọ́jú fáìlì, ọdún mẹ́jọ ni mo sì ti wà lójú kan náà kó tó kàn mí láti gba ìgbéga. Nígbà tí orúkọ jáde, a ò rí tèmi. Orúkọ àbúrò ìyàwó ọ̀gá wa, tí ò tíì lò tó ọdún mẹ́ta, ló wà níbẹ̀. Mo lọ béèrè. Ọ̀gá ní ìwé ẹ̀sùn kan wà nínú fáìlì mi, pé mo pa iṣẹ́ jẹ fún odidi ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ mẹ́ta náà, òun gan-an ló rán mi lọ sí Ailegun láti kọ orúkọ àwọn ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára! Ẹnu lásán ló fi rán mi, kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì tí mo bá níbẹ̀ sì ti lọ sílùú òyìnbó. Nígbà tí mo rán ọ̀gá létí, ó wo ojú mi kòró, ó ní òun ò rántí.

Ìyá Tóbi, tá a jọ ń lo tábìlì kan, ló ní kí n kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Ó ní kí n kọ́kọ́ kọ gbogbo ohun tó wà níkùn mi sílẹ̀, kí n pa á rẹ́, kí n wá fara balẹ̀ kọ ojúlówó. Ìmọ̀ràn tó dáa ni. Èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n lò.

Mo jókòó sílé mi ní Okota, mo tẹ èyí àkọ́kọ́ sórí fóònù. Mo ní ọ̀gá wa ń pa irun láró kí wọ́n má baà mọ̀ pé ó yẹ kó ti fẹ̀yìn tì. Mo ní òye ẹ̀ ò tó ti ewúrẹ́ tó ń jẹ̀ lẹ́yìn ọ́fíìsì. Ìyá Tóbi ti sọ fún mi pé ó ń sùn níbi iṣẹ́, ni mo bá fi kún un pé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀kan nínú ọjọ́ mẹ́ta tó ní mi ò wá, àárọ̀ ló ti gborí lé tábìlì, tó ń hanrun títí wọ́n fi ṣíwọ́. Ara mi fúyẹ́. Mo wá kọ ìkejì, tó kún fún ọ̀wọ̀ àti ẹ̀bẹ̀.

Ọ̀kan ni mo fi ránṣẹ́ sí obìnrin tó ń bá wa tẹ̀wé ládùúgbò. Mi ò mọ̀ pé àkọ́kọ́ ni. Nígbà tí ìwé jáde, obìnrin náà wò ó, ó wò mí, ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ ti kà á dáadáa?" Inú bí mi. Mo ní mo mọ ohun tí mo kọ, kí ló kàn án níbẹ̀. Mo buwọ́ lù ú láì wò ó, mo lẹ àpòòwé pa, mo gbé e lọ.

Ó di ọjọ́ ìjókòó, èmi àti ọ̀gá jókòó síwájú ìgbìmọ̀. Alága, màmá kan tó lo awò ojú, ní kí akọ̀wé ka ẹ̀sùn mi sókè. Gbólóhùn àkọ́kọ́ ni mo gbọ́ tí òógùn bò mí. Mo dìde, mo bẹ̀ wọ́n pé kì í ṣe lẹ́tà yẹn. Màmá bi mí bóyá ọwọ́ mi kọ́ ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Mo ní ọwọ́ mi ni. Wọ́n ní kí n jókòó. Nígbà tí wọ́n dé ibi aró, ọ̀gá gbọ́wọ́ lé orí. Nígbà tí wọ́n dé ibi ewúrẹ́, ọkùnrin kan nínú ìgbìmọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ sínú áńkáṣíìfù. Mo ti gbà pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Akọ̀wé wá ka ti oorun ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọ̀gá fò dìde.

"Irọ́ ló ń pa, mà. Níbo ló ti máa rí mi? Ṣebí èmi ni mo rán an lọ sí Ailegun lọ́jọ́ yẹn."

Ọ̀gá náà gbọ́ ohun tó tẹnu ẹ̀ jáde, ó rọra jókòó padà. Màmá yọ awò ojú, wọ́n bi í pé ọjọ́ méjì tó kù ńkọ́.

Wọ́n dá orúkọ mi padà sínú ìwé ìgbéga. Lọ́jọ́ kan náà, wọ́n fún mi ní ìwé ìkìlọ̀ nítorí èébú, wọ́n sì ní kí n kọ lẹ́tà àforíjì sí ọkùnrin tó fẹ́ ba iṣẹ́ mi jẹ́. Òun ńkọ́? Wọ́n kàn gbé e lọ sí ọ́fíìsì mìíràn, ó ṣì ń jẹ́ ọ̀gá. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Òótọ́ mi kọ́ ló gbà mí. Ìbínú tiẹ̀ ni.

Mo kọ àforíjì náà, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹfà kí n tó buwọ́ lù ú. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni ò lè fẹnu lásán rán mi níṣẹ́ mọ́. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá tuntun ní kí n bá àwọn ra omi tútù lódìkejì títì. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé mo ń ṣàwàdà. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mi ò dìde títí wọ́n fi kọ ọ́.