Àáró Tó Bọ́ sí Ọdún Kánádà

Ẹjọ́ kan wọ ààfin Baálẹ̀ Ìdí-Ìyeyè lánàá, tòun ti ẹrẹ̀ oko lẹ́sẹ̀. Ààfin la pè é o, àmọ́ ká sọ òótọ́ kí Ọlọ́run lè gbọ́ àdúrà wa: ilé onípáànù kan ni, láàrin Moníyà àti Ìjàyè, àga oníke mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan ti kán lẹ́sẹ̀, ìyẹn sì ni wọ́n máa ń fún ẹni tí wọ́n bá pè lẹ́jọ́.

Lásárù ló jókòó lé e lánàá. Ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù ni, àgbẹ̀ ni pẹ̀lú, bí ọkọ́ ò bá sí nítòsí. Ó fi ẹsẹ̀ òsì ti ilẹ̀ kí àga má baà dà á nù, ó di fóònù mú lọ́wọ́ ọ̀tún, ó ń gbàdúrà sínú pé kí Olúwa yọ òun nínú kòtò tí òun fi ọwọ́ ara òun gbẹ́.

Ọ̀tún Baálẹ̀ gbàdúrà. Àwọn kan ní "Àmín," àwọn kan ní "Àmínà." Baálẹ̀ wú ikọ́.

"Bàṣírù, ìwọ lo pẹjọ́. Rò ó fún wa."

Bàṣírù dìde, ojú rẹ̀ pọ́n bí ata. "Kí ẹ pẹ́, Baálẹ̀. Àwa márùn-ún la jọ ń ṣe àáró. Gbogbo wa á ro oko ẹnì kan lónìí, a ó ro ti ẹlòmíràn lọ́jọ́ mìíràn, títí yóò fi kárí. Lásárù ló bẹ̀ wá pé ká kọ́kọ́ ro tòun, ó ní ẹ̀yìn ń dun òun. A ro ó. A ro ti Sanmí. A ro ti àwọn méjì yòókù. Ó wá kan èmi, ẹni ìkẹyìn. Àwọn mẹ́ta wá. Lásárù ò wá."

"Ṣé àwọn mẹ́ta ò tó ro ó ni?"

"Wọ́n ro ìpín tiwọn, Baálẹ̀, èmi náà ro tèmi. Ṣùgbọ́n ẹ mọ òfin àáró wa. Ìpín ẹni, ẹlòmíràn kì í fọwọ́ kàn án. Bí wọ́n bá ro ó, bí ẹni pé ẹni náà ti kú ni. Bí èmi olóko bá sì ro ó, mo ti fi jì í nìyẹn. N kò sì fi jì í!"

"Koríko wo ló wà níbẹ̀?"

"Ẹ̀kan ni."

Gbogbo ilé mí kanlẹ̀. Bàṣírù ki ọwọ́ sínú àpò, ó yọ iṣu kan jáde, ó gbé e síwájú Baálẹ̀. Ẹ̀kan ti gún iṣu náà láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì, bí abẹ́rẹ́ tó gba inú aṣọ kọjá.

"Àárín oko ni ìpín Lásárù wà," ni Bàṣírù wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Ọjọ́ kẹjọ rèé. Láti ibẹ̀ ni ẹ̀kan ti ń wọ́ lọ sínú ebè yòókù. Iṣu yìí ni màá fi bọ́ ilé mi títí di ọdún tó ń bọ̀. Kí ni n ó fún àwọn ọmọ jẹ? Ihò?"

Lásárù wo iṣu náà, ó wo ilẹ̀. Ó ti rò pé ọ̀rọ̀ ìbínú lásán ni wọ́n ń gbé bọ̀. Kò mọ̀ pé iṣu á wá jẹ́rìí fúnra rẹ̀.

"Lásárù," ni Baálẹ̀ wí. "Kí ló dé o?"

Lásárù dìde, àga ṣubú. "Kí ẹ pẹ́, kí ẹ jèrè, Baálẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi Bàṣírù dá, ọjọ́ kìíní oṣù keje ni. Ọjọ́ ọdún ni."

"Ọdún wo? Iléyá ti lọ, Kérésì ò tíì dé."

"Ọdún àwọn ará Kánádà ni."

Ọ̀tún fi ọwọ́ bo etí, ó tún ṣí i.

"Ta ló bí ọ ní Kánádà?"

"Ẹnikẹ́ni ò bí mi níbẹ̀, bàbá. Ṣùgbọ́n ayé ti di ọ̀kan. Marvellous ọmọ mi, tó ń ṣe tíṣà ní Ọlọ́runṣògo, ló fi kàlẹ́ńdà gbogbo ayé sínú fóònù mi. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, á dún, á sọ ẹni tó ń ṣọdún fún mi. Ọjọ́ yẹn, kò dákẹ́ o! Kánádà ń ṣọdún. Sòmálíà ń ṣọdún òmìnira. Rùwáńdà, òmìnira. Bùrúńdì, òmìnira. Gánà náà ń ṣe tiwọn. Súrínáámù…"

"Súrí kí ni?"

"Súrínáámù, Baálẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n tú àwọn ẹrú sílẹ̀ níbẹ̀ ni. Wọ́n ní ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ já. Ẹ wá bá mi wò ó: ọjọ́ tí wọ́n ń tú ẹrú sílẹ̀ ni kí èmi di ọkọ́ mú lóko olóko?"

Bàṣírù fò sókè. "Ẹrú kẹ̀! Nígbà tí mo tẹ̀ kóló lóko tìrẹ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́, ẹrú ta ni èmi?"

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Oṣù kẹfà nìyẹn. Wọn ò tíì tú yín sílẹ̀."

Ẹ̀rín bú. Baálẹ̀ na ọ̀pá sókè kí wọ́n dákẹ́, ṣùgbọ́n ikùn tirẹ̀ náà ń mì.

"Ó ku ọ̀kan," ni Lásárù wí, nítorí ẹni tó ti wọ odò dé àyà kì í bẹ̀rù òjò mọ́. "Lọ́jọ́ yẹn kan náà, àwọn ará Íńdíà ń yẹ́ dókítà wọn sí. Bí ọkọ́ bá wá bù mí lẹ́sẹ̀ ńkọ́? Dókítà wo ló máa rán an?"

"Ṣé dókítà Íńdíà ló ń rán ẹsẹ̀ rẹ ní Moníyà ni?" ni Ọ̀tún bi í.

"N kò mọ ẹni tó máa wà lẹ́nu iṣẹ́, bàbá. Ẹni tó bá ṣọ́ra ni Ọlọ́run ń ṣọ́."

Bẹ́ẹ̀ ló ń sọ lẹ́nu. Nínú ọkàn rẹ̀, Lásárù mọ irú ẹni tí òun jẹ́. Kí fóònù tó dún láàárọ̀ ọjọ́ náà ló ti ń wo àjà, tó ń wá ìdí tí kò fi ní dìde. Bí fóònù bá ní èèrà ń sọmọ lórúkọ nínú ògiri, ì bá wọṣọ lọ síbẹ̀.

"Ó dáa," ni Baálẹ̀ wí. "Báwo lo ṣe ṣe ọdún náà?"

"Ààwẹ̀ àti àdúrà ni, Baálẹ̀. Inú yàrá ni mo wà, mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ìlú méjèèje lọ́kọ̀ọ̀kan, títí oòrùn fi kan àtàrí."

"Háà! Ẹ gbà mí!" Mùsílímátù, ìyàwó Bàṣírù, ló ń kígbe lẹ́yìn. "Baálẹ̀, ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Èmi ni mo se oúnjẹ àwọn aláàáró. Oòrùn wà lórí àtàrí gan-an nígbà tí Bàbá Marvellous yọ sí wa lóko nínú sùtánà funfun. Mo ní, 'Ẹ káàbọ̀, ọkọ́ yín dà?' Wọ́n ní ọdún làwọn wá kí wa. Wọ́n sì jókòó ti ẹ̀kọ."

"Ẹ̀kọ mélòó?"

"Mẹ́jọ, Baálẹ̀. Pẹ̀lú ẹ̀fọ́, pẹ̀lú ẹran tí mo fi pamọ́ fún ọkọ mi."

Baálẹ̀ yíjú sí Lásárù. "Ààwẹ̀ ńkọ́?"

"Mo tú u díẹ̀, Baálẹ̀. Ìlú kọ̀ọ̀kan, ẹ̀kọ kan. Méje nìyẹn."

"Ìkẹjọ ńkọ́?"

"Ti Nàìjíríà ni. Kò ní dáa kí n jẹun fún ará ìta kí n gbàgbé ilé."

Kí ẹ̀rín tó rọlẹ̀, Najeem ọlọ́kadà ti na ọwọ́. "Baálẹ̀, ẹ dákun. Màámá ṣì í. Ní agogo méjìlá ọ̀sán ọjọ́ yẹn, ẹ̀yìn ọ̀kadà mi ni Bàbá Marvellous wà. Moníyà ni mo gbé wọn lọ."

"Kí ló lọ ṣe?"

"Wọ́n lọ ra dátà. Wọ́n ní kàlẹ́ńdà fẹ́ dákẹ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́, bí ìlú kan bá wá ń ṣọdún ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ò ní mọ̀."

"Irọ́ ni tìrẹ, Najeem!" ni Mùsílímátù wí. "Ṣé iwin ló wá jẹ ẹ̀kọ mi ni?"

"Màámá, ṣé iwin ló jókòó lẹ́yìn mi ni? Ẹni tó wúwo tó yẹn?"

"Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ sinmi." Ọmọ́ṣọlá, ìyàwó Lásárù, ló bọ́ sí àárín, ó tún gèlè rẹ̀ wé. "Kò lọ sóko, kò lọ sí Moníyà. Lọ́sàn-án gangan ọjọ́ yẹn, ẹní ni mo ká mọ́ Bàbá Marvellous lórí nígbà tí mo fẹ́ gbálẹ̀. Wọn ò jí."

"Ìyá Marvellous!" ni Lásárù pariwo. "Ìwọ náà?"

"Ẹ jẹ́ n kì yín, kí Baálẹ̀ mọ ẹni tó wà níwájú wọn." Ó sì gbé ohùn sókè:

"Àkànní, ọkọ mi,
A-gbọ́-ìró-ọkọ́-fẹ̀yìn-lélẹ̀,
A-gbọ́-ìró-abọ́-dìde-fùú,
Ọkọ mi tó mọ ọjọ́ ọdún Kánádà,
Tí kò mọ ọjọ́ tí ewúrẹ́ rẹ̀ bímọ."

Bí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín, Lásárù alára ń rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá irọ́ kan nínú oríkì náà títí, kò rí i. Ewúrẹ́ ti bímọ lóòótọ́. Mélòó ló bí? Kò mọ̀.

Baálẹ̀ kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ẹlẹ́rìí mẹ́ta, ibi mẹ́ta, wákàtí kan ṣoṣo. Lásárù, níbo lo wà gan-an?"

"Baálẹ̀, bí ọjọ́ kan ṣoṣo bá lè jẹ́ ọjọ́ ọdún fún ìlú méje, ṣé èèyàn kan ò lè wà níbi mẹ́ta?"

Ọ̀tún dìde ní ìbínú. "Baálẹ̀, ẹ jẹ́ ká lé aláìnítìjú yìí jáde ní abà!"

"Jókòó, Ọ̀tún," ni Baálẹ̀ wí. "Ibi yòówù kó wà, kò di ọkọ́ mú. Àmọ́ ká má tan ara wa. Ọjọ́ kejì tó ṣe é ni Bàṣírù ti pẹjọ́. Kí ló dé tó jẹ́ lánàá òde yìí la ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbọ́ ọ, tí a tún sún un di òní? Ọjọ́ Jímọ̀, a ní kírun ń bẹ. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìwọ Ọ̀tún lọ síbi òkú àna rẹ."

"Òkú àna mi ni lóòótọ́, Baálẹ̀."

"Àna kan náà tó kú ní ọdún tó kọjá?"

Ọ̀tún jókòó.

"Ọjọ́ Ìsinmi, ṣọ́ọ̀ṣì. Ọjọ́ Ajé, mo ránṣẹ́ pé ara mi ò yá. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, oorun ni mo sùn. Bí a ti ń ṣe nìyí. Bí wọ́n bá ní kí ọ̀lẹ Ìdí-Ìyeyè dúró, ààfin yìí ni wọ́n ó ti kọ́kọ́ ka èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀kan ò lọ síbi òkú o. Ẹ̀kan ò kírun, ẹ̀kan ò sùn."

Ó gbé iṣu náà, ó yí i lọ́wọ́, ó rọra fa ẹ̀kan inú rẹ̀ yọ. Ó gba àkókò díẹ̀.

"Lásárù, dọ̀bálẹ̀ kó o gbọ́ ìdájọ́ rẹ."

Lásárù dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ó ń retí ìtanràn. Ó ń retí kí wọ́n gba ewúrẹ́ tòun tọmọ.

"N kò ní bá ọ jà nítorí ọdún. Ẹni tó bá ẹni tó ń yọ̀ yọ̀ kò ṣẹ̀. Máa ṣọdún gbogbo ayé lọ. Ibi tí wàá ti máa ṣe é nìkan ni mo fẹ́ yàn fún ọ: orí ebè Bàṣírù ni. Láti ọ̀la lọ, ọjọ́kọ́jọ́ tí ìlú kan bá ń ṣọdún níbikíbi láyé, gbé ọkọ́ rẹ, kó o lọ bá wọn ṣe é níbẹ̀. Ìpín tìrẹ ni kó o kọ́kọ́ ro, kó o tó wá máa ro ìyókù. Mùsílímátù, ẹ̀kọ kan ni kó o máa fún un. Ti Nàìjíríà nìkan."

"Mo gbọ́, Baálẹ̀."

"Ọjọ́ tí o bá sì rí nínú kàlẹ́ńdà rẹ, tí ìlú kankan kò ṣọdún rárá, kó o sinmi lọ́jọ́ yẹn. Bàṣírù ò ní bi ọ́."

Lásárù fò dìde, ó ń jó. "Ìdájọ́ àánú! Baálẹ̀, ẹ ó pẹ́ lóyè! Ọjọ́ òfìfo á pọ̀ nínú ọdún bí iyanrìn!" Ó ti ń tẹ fóònù. Ọmọ́ṣọlá na ọrùn lé e léjìká, ó ń kà á sókè.

"Ọ̀la, ọjọ́ kẹsàn-án: Ajẹntínà ń ṣọdún òmìnira."

"Ó dáa, ọ̀la nìkan."

"Gúúsù Sùdáànì náà wà níbẹ̀. Ọjọ́ kẹwàá: Bàhámà. Ọjọ́ kọkànlá: Mọ̀ngólíà."

"Sún un síwájú!"

"Ọjọ́ kejìlá: Sáò Tómè. Ìkẹtàlá: Mọ̀ntẹnẹ́gírò. Ìkẹrìnlá: Faransé."

Lásárù já fóònù gbà, ó fi àtàǹpàkò fa oṣù keje kọjá, ó fa oṣù kẹjọ, ó fa oṣù kẹsàn-án. Òógùn bò ó. Ìlú tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i ń jáde, wọ́n gbé àsíá dání, wọ́n ń gba òmìnira lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Olúwa mi," ló wí jẹ́ẹ́, "ṣé kò sẹ́ni tó wà nígbèkùn mọ́ ni?"

"Ó ku ìwọ nìkan," ni Bàṣírù dá a lóhùn. Ìgbà àkọ́kọ́ tó rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ àáró náà nìyẹn. "Ajẹntínà ń retí rẹ, Àkànní. Agogo mẹ́fà."

Ní òwúrọ̀ òní, ìrì ò tíì gbẹ nígbà tí Lásárù gba ojú ọ̀nà oko kọjá, ọkọ́ léjìká, ojú wíwú. Gbogbo Ìdí-Ìyeyè ló ti jí dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà, Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ wà láàrin wọn, tọmọdé tàgbà ń kí i:

"Bàbá Marvellous, ẹ kú ọdún Ajẹntínà o!"

Kí ló tún kù tí ọmọlúwàbí lè ṣe? Ó gbé ọkọ́ bọ́ sí èjìká kejì, ó tẹrí ba fún wọn, ó sì ń dáhùn ní ilé kọ̀ọ̀kan títí ó fi wọ oko Bàṣírù:

"Ọdún á yabo o. Ọdún á yabo."