Stephen Dọ̀bálẹ̀, Kẹ̀kẹ́ Bàbá Gbéra

Ó yẹ kí Stephen kọ́kọ́ fa bíréèkì kó tó dọ̀bálẹ̀.

Kò fà á.

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe jẹ́. Stephen yìí, télọ̀ ni, ọmọ Akínmọ̀ọ́rín, ó ga bí òpó iná, Olúwakẹ́mi ọmọ Bàbá Tíṣà ló sì ń fẹ́. Bàbá Tíṣà ni gbogbo Fìdítì ń pe bàbá kan tó ń jẹ́ Nathaniel, tó fi gbogbo ayé ẹ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò. Ọjọ́ tó já bọ́ lórí igi ọsàn ni ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì ti kọ iṣẹ́ sílẹ̀. Àga onítáyà, tí wọ́n ń pè ní kẹ̀kẹ́ nínú ilé, ló fi ń rìn. Ẹsẹ̀ nìkan ló kọ iṣẹ́ o. Ọwọ́ le koko, ẹnu sì wà níbẹ̀ digbí, ó tilẹ̀ tún mú sí i.

Kẹ́mi ló ń tọ́jú bàbá. Òun ló ń gbé e sórí kẹ̀kẹ́, òun ló ń gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì, òun náà ló ń dìde lóru láti yí i padà. Oorun wá di ohun tí Kẹ́mi ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹlòmíì. Láàárọ̀ Sátidé kan, ó ń bá Stephen sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ló bá sùn lọ lórí ìdúró, pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Stephen dúró dè é títí ó fi jí.

"Kí la ń sọ ná?" Kẹ́mi bi í.

"O ní kí n wá dúró ti bàbá lónìí, kí ìwọ lè sùn."

Irọ́ funfun báláú. Kẹ́mi kò sọ nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀.

Àánú ẹ̀ ṣe Stephen lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ̀ẹ́ ká tan ara wa, ọ̀rọ̀ mìíì wà nínú ẹ̀. Oṣù ń gorí oṣù, Bàbá Tíṣà kò sọ pé òun gbà kó fẹ́ Kẹ́mi, kò sì sọ pé òun kọ̀. Ọ̀dọ̀ Bàbá Obadiah, ẹ̀gbọ́n bàbá, tó jẹ́ olórí ẹbí, lọ̀rọ̀ há sí. Bàbá Obadiah ní òun pàdé Stephen lọ́nà lẹ́ẹ̀kan, ó kàn mi orí sí òun bí alángbá, ó bá tiẹ̀ lọ. Ó ní ọmọ tí kò lè dọ̀bálẹ̀, kò lè ṣe àna àwọn. Láti ọjọ́ náà ni Stephen ti búra pé ibi yòówù kí òun ti tún pàdé bàbá yìí, ìbáà jẹ́ nínú ẹrẹ̀, gbalaja ni òun máa nà.

Kẹ́mi fi bíréèkì hàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. "Tó o bá ti fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, fa èyí sẹ́yìn."

"Mo ti gbọ́."

Kẹ́mi wọlé. Kó tó kan ẹní, ó ti ń hanrun.

Stephen kúnlẹ̀ síwájú bàbá. "Níbo lẹ fẹ́ lọ lónìí, sà?"

"Ìsàlẹ̀," ni Bàbá Tíṣà wí, kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. "Alhaji Mùhámmẹ́d ń sọ kiri pé ẹ̀rù ayò òun ló ń jẹ́ kí n jókòó sílé. Tì mí lọ kí n lọ nà án."

Ni wọ́n bá mú ọ̀nà pọ̀n. Kò pẹ́ tí wọ́n pàdé obìnrin kan tó ru ìbẹ́pẹ. Obìnrin náà wo orí bàbá kọjá, Stephen ló kọjú sí.

"Stephen, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá ńkọ́? Ṣé wọ́n ti jẹun?"

"Ẹ bi wọ́n, mà," ni Stephen wí.

"Mo ti jẹ ẹ̀kọ, mo ti jẹ mọ́ínmọ́ín," bàbá dáhùn láti ìsàlẹ̀. "Ẹsẹ̀ ló rọ, etí ò rọ."

Ìbẹ́pẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lórí obìnrin náà.

Báyìí ni wọ́n ṣe dé ibi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́ lọ sísàlẹ̀, tààrà, dé ìdí igi máńgòrò tí àwọn Alhaji ti ń ta ayò. Stephen tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fa kẹ̀kẹ́ sẹ́yìn, ó ń rọra sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó gbé abọ́ omi tó kún. Ó ń ṣe dáadáa. Bí Kẹ́mi bá rí i, inú ẹ̀ á dùn.

Àfi bí Bàbá Obadiah ṣe yọ láti kọ̀rọ̀ kan, tòun ti ọ̀pá ẹ̀.

Stephen rí i. Ó rántí alángbá. Ó rántí ìbúra. Ohun tí kò rántí ni bíréèkì.

Gbì!

Àyà kanlẹ̀, ikùn kanlẹ̀, orúnkún kanlẹ̀, àgbọ̀n gan-an kanlẹ̀. Eruku sọ. Ó ti pẹ́ tí irú ìdọ̀bálẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní Fìdítì.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà."

Gẹrẹ.

Gẹrẹ, gẹrẹ.

Gẹrẹgẹrẹgẹrẹgẹrẹ...

Stephen gbójú sókè. Fìlà Bàbá Tíṣà ló rí, ó ń kéré lọ.

Ó fẹ́ fò dìde, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbé ọ̀pá lé e lẹ́yìn. Inú Bàbá Obadiah ti dùn kọjá àlà, ó ti di ojú pinpin, ó ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ọmọ wo ló ń dìde nígbà tí àgbà ń wúre fún un lọ́wọ́? Pàápàá ọmọ tó ń wá ìyàwó?

"Ọlọ́run á wà pẹ̀lú ẹ, ọmọ mi."

"Àmín, sà. Ẹ jọ̀ọ́, sà, kẹ̀kẹ́..."

"Má já lu àdúrà. Ọ̀nà ẹ á là."

Ọ̀nà ti là. Ọ̀kadà kan tó ń lọ níwájú ti yà bàrá sínú koríko, Bàbá Tíṣà sì ti kọjá lára ẹ̀.

"Àmín, sà."

"Ohun tó o bá dì mú, kò ní bọ́ lọ́wọ́ ẹ."

Stephen wo ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì. Omi lé sí i lójú. "Àmín o."

"Iwájú iwájú lọ̀pá ẹ̀bìtì ń ré sí. Ìwọ àti gbogbo ẹni tó bá wà lọ́wọ́ ẹ, iwájú lẹ ó máa lọ."

"Wọ́n ti ń lọ, sà."

Ẹ̀rín ń pa mí! Ẹ jẹ́ n mí díẹ̀.

Ìyá Bàrákátù sá láfún sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ní àárín ìdàgẹ̀rẹ́ náà, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń yí i. Ó kàn gbọ́ fììììì ni. Ó fò sẹ́yìn, kẹ̀kẹ́ sì wọ inú láfún.

Bùùùù!

Èéfín funfun bo gbogbo àdúgbò. Bàbá dúdú ló wọ inú ẹ̀, bàbá funfun ló jáde.

"Ta nìyẹn?" ni Ìyá Bàrákátù ké.

"Nathaniel ni," ohùn kan dáhùn látinú èéfín tó ń lọ. "Ẹ kú iṣẹ́ o."

Alhaji Mùhámmẹ́d wà nídìí igi máńgòrò, ó kó ọmọ ayò sọ́wọ́, ó ń ro ibi tí yóò jù ú sí. Ó gbójú sókè. Ó rí nǹkan funfun kan tó jókòó, tó ń bọ̀ láti òkè, tí ẹnikẹ́ni kò tì. Alhaji yìí, orí àga ló ti ń kírun láti bí ọdún mélòó kan nítorí orúnkún. Lọ́jọ́ náà, ó fo gọ́tà. Ó tún fo èkejì. Wọn ò rí i mọ́.

Òkìtì yanrìn tí ẹnì kan fẹ́ fi kọ́lé ló dá kẹ̀kẹ́ dúró. Fìkẹ́! Táyà rì sínú ẹ̀, bàbá mì lọ mì bọ̀, ó sì jókòó padà.

Ní òkè, Bàbá Obadiah ṣẹ̀ṣẹ̀ ní "Ní orúkọ Jésù" ni. Stephen ṣe àmín láti ọ̀nà jíjìn. Bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún wà lórí òkè, tòsì wà nínú láfún. Bó ṣe ń sáré lọ ló ń sunkún, nítorí ó mọ̀ pé Kẹ́mi ti bọ́ lọ́wọ́ òun. Ọmọbìnrin tí òun ní kó sùn díẹ̀, kó tó jí, òun ti da bàbá ẹ̀ nù.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ibo ló ń dùn yín, sà?"

Bàbá fọwọ́ bo ojú. Ó doríkodò, èjìká ẹ̀ ń gbọ̀n. Stephen rò pé ẹkún ni, òun náà bá tún bú sẹ́kún.

Ẹ̀rín ni.

"Stephen," ni bàbá wí, tó ń nu ojú. "Láti ọjọ́ tí mo ti já lórí igi, bí ẹni gbé ẹyin ni wọ́n ń tì mí. 'Ẹ rọra, Bàbá. Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá.' Lónìí, mo ya ọ̀kadà sílẹ̀." Ó lá ètè ẹ̀. "Ta ló ni láfún yìí? Ó kúnná."

Ariwo ti jí Kẹ́mi. Ó sáré dé, ìlà ẹní wà lẹ́rẹ̀kẹ́ ẹ̀ kan. Ó wo bàbá ẹ̀ tó funfun, ó wo Stephen tí kò ní bàtà, ó tún wo bàbá ẹ̀.

"Bàbá, ẹ ṣáà lọ́wọ́. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò di táyà mú?"

Bàbá Tíṣà wo òkè. "Mo gbàgbé."

Ibi tí wọ́n ti ń wo ara wọn ni Bàbá Obadiah dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Kò wo ẹlòmíì, Stephen ló nawọ́ sí.

"Nathaniel, mo ti rí ọmọ náà. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, kò sì dìde títí mo fi ṣe tán. Mo ní kò sí nǹkan tó lè gbé e dìde! Tèmi ti parí, ó lè fẹ́ ẹ." Ìgbà yẹn ló tó rí àbúrò ẹ̀ dáadáa. "Kí ló kùn ọ́ báyìí?"

"Láfún ni, ẹ̀gbọ́n mi. Bẹ́ ẹ bá ti gbà, èmi náà gbà."

Ìdùnnú mú Stephen, orúnkún ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ láti dúpẹ́. Kẹ́mi fò mọ́ kẹ̀kẹ́, ó dì í mú tipátipá. Stephen dúpẹ́ lórí ìdúró.

Ọjọ́ ìdána pé. Ilé Bàbá Tíṣà lórí òkè ni wọ́n ti ṣe é. Stephen àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ tò síwájú àwọn àgbà, obìnrin tó ń darí ètò sì ní kí ọkọ ìyàwó wá dọ̀bálẹ̀.

Kí orúnkún Stephen tó tẹ̀, gbogbo ẹbí ìyàwó ti dìde. Ẹnì kan gbá táyà ọ̀tún mú, ẹnì kan gbá tòsì. Alhaji Mùhámmẹ́d, tó ń sọ káàkiri pé àlùwàlá lòun sáré lọ ṣe lọ́jọ́ náà, jókòó sílẹ̀ níwájú kẹ̀kẹ́. Ìyá Bàrákátù, tí láfún ẹ̀ tuntun wà lóòrùn, fi ọwọ́ méjèèjì fa ẹ̀yìn ẹ̀.

Bàbá Tíṣà wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ta ló ní kí ẹ dì mí mú? Ṣé ẹ bi mí?"

Ojú tì wọ́n. Wọ́n jọ̀wọ́ ẹ̀, wọ́n sún sẹ́yìn. Bàbá rọra fọwọ́ yí kẹ̀kẹ́ ẹ̀ títí ó fi kọjú sí ọ̀nà, ó wá na orí síwájú, ó fẹnu sún mọ́ etí àna ẹ̀.

"Stephen, fara balẹ̀ dọ̀bálẹ̀ o. Jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi gbàdúrà yẹn kó pẹ́."