Ioteba Wà Nísàlẹ̀, Ohùn Rẹ̀ Wà Lókè

Ẹjọ́ kan dé ààfin lánàá tó jẹ́ pé àwọ̀n ìpẹja tí mo yá ẹnìkan ni mo wá gbà, ṣùgbọ́n mo gbàgbé àwọ̀n, mo jókòó títí oòrùn fi yí. Ààfin tiwa kò lógiri. Maneaba ni, òrùlé ńlá lórí òpó, oníkálùkù sì mọ ibi tí ìdílé rẹ̀ ń tẹ́ ẹní sí. Olóyè Baraniko jókòó sáàárín, àwọn àgbà mẹ́fà yí i ká.

Nei Tiroia opó ló pe ẹjọ́; Nei là ń fi síwájú orúkọ obìnrin níbí. Ioteba ló pè lẹ́jọ́, ọmọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ Nei Aom ọmọ rẹ̀. Ìgbéyàwó ku ọjọ́ mọ́kàndínlógún, obìnrin náà sì ní òun kò fún un lọ́mọ mọ́.

"Kí ló ṣe fún ọ?" ni Olóyè bi í.

"Bàbá, ó wà níbi méjì lẹ́ẹ̀kan náà."

Àwọn àgbà wo ara wọn. Olóyè ní kó rọra sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé lábúlé wa, ẹni tó bá gun àgbọn láti dá ẹmu gbọ́dọ̀ máa kọrin látòkè, kí àwọn tó ń wẹ̀ lẹ́yìnkùlé lè mọ̀ pé ojú wà lókè, kí wọ́n faṣọ bora. Adẹ́mu tó bá dákẹ́, ó ń yọjú wo ìhòòhò ni. Nei Tiroia sì ti búra pé adẹ́mu gidi, tí í gùn láàárọ̀, tí í gùn nírọ̀lẹ́, nìkan lòun máa fọmọ fún. Oṣù mẹ́ta ni orin Ioteba ti ń dún lórí àgbọn ẹ̀yìn ilé rẹ̀, tí ìgò ẹmu sì ń dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Obìnrin náà ti fi ẹmu náà yangàn dé abúlé kejì. Ó ní òun kò mu irú rẹ̀ mọ́ látìgbà tí ọkọ òun ti kú.

"Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mò ń gbálẹ̀," ni Nei Tiroia wí. "Orin ń lọ lókè. Ẹnìkan kí mi lẹ́yìn pé, 'Ìyá, ẹ káàárọ̀.' Mo yíjú. Ioteba ni, ó so ẹja mẹ́ta kọ́ ọwọ́. Mo wò ó. Mo wòkè. Orin ṣì ń lọ. Mo tún wò ó."

"Kí ló wá sọ?"

"Ó ní ẹja náà ò tíì pẹ́ tó kúrò lómi."

Ẹ̀rín gba gbogbo maneaba. Nei Tiroia ní òun rò pé ọmọ náà ti kú, pé iwin rẹ̀ ló ń kí òun, lòun bá ju ìgbálẹ̀ nù. Ibi tó ti ń sá lọ ni nǹkan já bọ́ látorí igi, ó balẹ̀ sínú iyanrìn níwájú rẹ̀, ó sì ń kọrin lọ bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan. Fóònù ni.

Fóònù náà rèé lórí ẹní níwájú Olóyè, ojú rẹ̀ ti sán. Ioteba ló gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ sínú rẹ̀, tó sọ ọ́ di aláàmù, aago mẹ́fà àárọ̀ àti aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́.

"Ioteba, kí lo rí sọ?"

Ọmọkùnrin náà dìde, ó fọwọ́ nu ẹnu. "Bàbá, òfin ní kí wọ́n gbọ́ orin látòkè. Wọ́n gbọ́ ọ. Òfin ò sọ pé kí orin náà lẹ́sẹ̀."

"Ìwọ alára ńkọ́, ibo lo wà?"

"Mo wà nísàlẹ̀, Bàbá. Ilẹ̀ bá mi lára mu."

Olóyè ní kó yéé fi ìgbìmọ̀ ṣeré. Ìgbà yẹn ló jẹ́wọ́ pé bí òun bá ti ga ju àga lọ, òòyì á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ òun. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà tó gun àgbọn kẹ́yìn, ọkùnrin mẹ́rin ló sì lọ já a sọ̀ kalẹ̀.

"Mo fẹ́ràn Aom, Bàbá," ó ní. "Àgbọn ni ò fẹ́ràn mi."

"Ọ̀lẹ ni," ni Nei Tiroia wí.

"Ìyá, ẹ má pè mí lọ́lẹ. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni mo kọ orin yẹn kó tó dùn nínú fóònù. Adìẹ yín ló ba mẹ́wàá àkọ́kọ́ jẹ́."

Olóyè ní kí Nei Tiroia pe fóònù náà, kí ìgbìmọ̀ mọ̀ bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ó pè é. Ẹlẹ́dẹ̀ ló ké jáde, ẹlẹ́dẹ̀ tí ebi ti pa gan-an, tó wá rí ẹni tó ń gbé oúnjẹ bọ̀.

"Ta ló ń jẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ níbí?" ni obìnrin náà bèèrè, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀.

"Ìyá mi, ẹ ṣe sùúrù. Kí la fi ń ṣe ìgbéyàwó níbí? Ẹlẹ́dẹ̀ ni. Kí la fi ń gba àlejò ńlá? Ẹlẹ́dẹ̀ náà ni. Mo wá ohun iyì tí mo lè fi ṣe ohùn ìpè yín títí, mi ò rí èyí tó jù ú lọ."

Àgbà Kaboua, tó jókòó sọ́wọ́ ọ̀tún Olóyè, ní òun náà ti pe ọmọ yìí rí, kí ni tòun? Ó pè é. Ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni, èyí tí wọ́n ń fà tí kò fẹ́ gbà. Làwọn àgbà yòókù bá fa fóònù yọ, ẹjọ́ dúró, oníkálùkù fẹ́ gbọ́ tirẹ̀. Olóyè lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí wọ́n tó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá rọra bèèrè tòun. Ioteba ní Olóyè ò pe òun rí. Kò dùn mọ́ Olóyè, ó sì hàn lójú rẹ̀.

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Kaboua fúnra rẹ̀ ló dìde. Ó ní irọ́ ni wọ́n ń pa mọ́ ọmọ yìí, òun fojú òun rí i lókè.

"Mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀," ó ní. "Ẹsẹ̀ adẹ́mu gidi, tó le koko. Mo tiẹ̀ sọ fún ìyàwó mi pé ẹsẹ̀ ọmọ yẹn dára."

Nei Bwebwe, aládùúgbò Nei Tiroia, ní kò sẹ́nìkan lókè. Oṣù mẹ́ta gbáko lòun fi ń fi ọṣẹ lójú sá wọlé nítorí orin náà, tóun bá sì yọjú wò, ewé nìkan lòun ń rí.

"O fi ọṣẹ lójú, o wá ń jẹ́rìí?" ni Kaboua wí.

"Ó sàn ju tìẹ tí ò lọ́ṣẹ lójú."

Olóyè ní kí àwọn méjèèjì jókòó. Ó mú fóònù náà, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Fóònù lè kọrin, mo gbà. Ṣé ó lè di ọ̀bẹ mú? Ta ló ń dá ẹmu náà?"

Ioteba wolẹ̀. Ó ní kí wọ́n kúkú dá òun lẹ́bi, kí wọ́n gba ìyàwó lọ́wọ́ òun, òun ò ní sọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Nei Aom dìde láàárín àwọn obìnrin.

"Èmi ni," ó ní. "Ṣòkòtò ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń wọ̀. Bí mo bá kọrin, wọ́n á mọ̀ pé obìnrin ni, obìnrin kì í sì í gun àgbọn níbí. Bí mo bá dákẹ́, mo rúfin. Ioteba ló yá mi lóhùn, mo gbé e kọ́ ọrùn. Okùn ló já lọ́jọ́ Ẹtì."

Kaboua wá rí nǹkan pàtàkì kan wò lókè àjà. Ìyàwó rẹ̀ ń wò ó.

"Ta ló kọ́ ọ?" ni Nei Tiroia bèèrè.

"Bàbá mi ni, Màmá. Wọ́n kọ́ mi kí wọ́n tó kú. Ìdí nìyẹn tí ẹmu náà fi jọ tiwọn lẹ́nu yín."

Nei Tiroia jókòó. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mi ò ní purọ́, omi sì fẹ́ bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n obìnrin yẹn kì í pẹ́ nísàlẹ̀. Ó ní ó dáa, ọmọ òun jẹ́ akíkanjú, ìyẹn ò sọ pé ọkùnrin yìí ò tan òun jẹ.

Ìgbìmọ̀ forí korí. Ìgbà tí wọ́n jókòó padà, Olóyè tún ìjókòó ṣe.

"Aom, máa gun àgbọn rẹ lọ, ohùn ara rẹ ni kó o máa fi kọrin. Kaboua, bó bá ti wà lókè, òkun ni kó o máa wò. Ioteba, o fi fóònù ṣe èèyàn. Àwa náà á fi èèyàn ṣe fóònù. Fún ọdún kan, fóònù Nei Tiroia ò gbọdọ̀ dún. Bí ẹnikẹ́ni bá pè é, ìwọ lo máa kọrin títí á fi gbé e. Tó bá jẹ́ pé èmi ni mo pè, kó o ké bí ẹlẹ́dẹ̀. Ìwọ lo ní kò síyì tó jù ú lọ."

"Bàbá, ilé rẹ̀ jìnnà," ni Nei Tiroia wí. "Báwo ló ṣe máa mọ̀ pé wọ́n pè mí?"

"Níbo lo ti rí i kí fóònù wà nílé kan, kí ohùn rẹ̀ wà nílé kejì? Ilé rẹ ló máa gbé. Ọkùnrin ò sì lè máa gbélé opó tó lọ́mọbìnrin, àfi tó bá fẹ́ ọmọ náà. Ẹ fa ìgbéyàwó wá sí Àbámẹ́ta. Kó tó dìgbà náà, ẹnu ọ̀nà ni kó máa jókòó sí."

Láti àárọ̀ òní, kò sẹ́ni tí kò pe Nei Tiroia lábúlé yìí. Èmi pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó jẹun. Mo gba ẹ̀yìn ilé rẹ̀ kọjá: fóònù wà lórí itan obìnrin náà, iná ń tàn lójú fóònù, òun sì ń fẹ́ra rẹ̀. Ioteba ti kọrin títí ohùn rẹ̀ ti ha, Aom sì ń gbè é látorí àgbọn. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, obìnrin náà kò tíì gbé ìpè kankan. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ gidi bá a sọ, kó fẹsẹ̀ rìn lọ.