Èmi, Táyé àti Ẹnìkẹta Wa ní Kóòtù

Ọjọ́ tí mo mú Táyé lọ búra ní kóòtù Ọ̀yọ́ kò ní kúrò lọ́kàn mi títí láé. Bí mo bá rántí rẹ̀, ẹ̀rín ni mo máa ń kọ́kọ́ rín, lẹ́yìn náà ni màá wẹ̀yìn wò bóyá ẹnì kan dúró síbẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni Táyé. Ìbejì ni òun àti Kẹ́hìndé. Bàbá wọn kú, ìyá wọn tún lọ́kọ, ọkọ tuntun náà sì mú un lọ sí Kánádà. Ọkùnrin dáadáa ni. Ó ní òun ò lè fẹ́ ìyá kí òun kọ ọmọ, pé kí àwọn ọmọ náà máa bọ̀, òun ni òun ó dúró fún wọn lọ́dọ̀ ìjọba ibẹ̀. Orúkọ ọmọ méjì ló fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, ó ra bẹ́ẹ̀dì méjì, ó tún ra ẹ̀wù òtútù méjì.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Kẹ́hìndé ti kú láti kékeré. Ṣùgbọ́n ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe ọ̀rọ̀ ìbejì: a kì í sọ pé ọ̀kan kú, ó wá igi lọ ni. Bí wọ́n bá ra bàtà fún Táyé, wọ́n á ra ti Kẹ́hìndé sí i. "Àwọn ìbejì mi" ni ẹ̀gbọ́n mi ń wí ṣáá, àní fún ọkọ rẹ̀. Òkè Ọya ni wọ́n ti tọ́ ọkùnrin yẹn dàgbà, kò sì mọ̀ ju pé ọmọ méjì ń bọ̀.

Ìjọba Kánádà wá ní kí àwọn rí ọmọ kejì, tàbí kí ẹbí lọ búra ní kóòtù nípa ibi tó wà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Táyé fúnra rẹ̀ ò ní lọ. Ẹ̀gbọ́n mi sunkún lórí fóònù. Mo ní kó fi lé mi lọ́wọ́. Èmi tí mo ń tún fóònù ṣe lẹ́bàá ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, kí ni mi ò rí rí?

Mo lọ mú Táyé lọ́dọ̀ màmá wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, nítorí ó ní láti ya fọ́tò ìwé ìrìnnà rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Màmá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹnu rẹ ò gbọdọ̀ pe ọ̀rọ̀ yẹn létí ọmọ yìí o. Bó bá gbọ́ ọ, èkejì á wá mú un lọ. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Màmá. Ọmọ kékeré kọ́ ni mí."

Ní Ọjà Igbó la ti wọ bọ́ọ̀sì. Kọ̀ndọ́ nawọ́ sí mi. "Ẹ̀yin mẹ́ta."

"Méjì ni wá."

"Bọ̀ọ̀dá, ọmọ méjì ló ṣíwájú yín wọlé." Ó bojú wo ẹ̀gbẹ́ Táyé, ó sì kọjá sẹ́yìn. Mo wò ó: Táyé ti fún ara rẹ̀ pọ̀ mọ́ fèrèsé, ó fi àyè sílẹ̀ láàárín èmi àti òun. Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n mo ṣe bí ẹni ń sùn.

Ní Ọ̀yọ́, oníṣọ́ọ̀bù fọ́tò tẹ ojú mọ́ kámẹ́rà. Ó ní, "Kí èkejì sún kúrò díẹ̀." Mo bi í pé èkejì wo. Ó gbójú sókè, ó wo ọmọ kan ṣoṣo tó jókòó sí iwájú rẹ̀, ó sì ní kí n máa mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ òun lódìkejì títì.

A dé kóòtù. Màmá akọ̀wé kan wò mí láti inú awò ojú wọn. "Níbo ni Kẹ́hìndé wà?"

"Kò sí níbí, mà."

"Mo rí i pé kò sí níbí. Níbo ló lọ?"

"Ó ti lọ, mà. Kò ní padà." Mo ṣẹ́jú sí wọn, mo tún fi ìka tọ́ka sí ilẹ̀, kí ó lè yé wọn.

Wọ́n bọ́ awò ojú wọn. "Ẹ ri ọmọ mọ́lẹ̀?" Wọ́n pe ọlọ́pàá ẹnu ọ̀nà wọlé. "Ẹ wá wo ọ̀gbẹ́ni yìí. Ọmọ méjì ló wà nínú ìwé, ọ̀kan ló mú wá, ó wá ń ṣẹ́jú sí mi!"

Òógùn bò mí. Mo gba báírò kí n lè kọ ọ́ sílẹ̀. Mo kọ "Kẹ́hìndé ti", báírò gbẹ. Wọ́n fún mi ní òmíràn, ojú ibẹ̀ kan náà lòun náà gbẹ sí. Kò sí ọgbọ́n mìíràn. Mo ní, "Táyé, bọ́ síta díẹ̀."

"Màá bọ́ síta, Bọ̀ọ̀dá," ó ní jẹ́jẹ́. "Kẹ́hìndé ló ní òun fẹ́ jókòó."

Ó tọ́ka sí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo fò. Bàtà ọlọ́pàá ni mo balẹ̀ sí, ṣòkòtò mi sì ya láti ìdí dé orúnkún. Ọlọ́pàá tó wá mú mi ti sá padà sẹ́nu ọ̀nà kí n tó dìde. Màmá akọ̀wé ká ẹsẹ̀ méjèèjì sórí àga wọn.

Táyé nìkan ni ara rẹ̀ balẹ̀. Ó súnmọ́ tábìlì, ó kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Kẹ́hìndé kú. Ó ti pẹ́. Wọn ò fẹ́ kí n mọ̀, ni mi ò ṣe sọ fún wọn pé mo mọ̀."

Màmá akọ̀wé gbé báírò tó gbẹ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n fi kọ̀wé, ó ń lọ geere. Nígbà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ tán, wọ́n bi í bóyá ẹ̀rù ìrìn àjò náà ò bà á.

"Rárá, mà. Èmi ni mo máa ń ṣíwájú. Ó ní kí n lọ tọ́ ibẹ̀ wò. Bó bá dára, òun ń bọ̀ lẹ́yìn."

Nígbà tí à ń padà, kọ̀ndọ́ ní mẹ́ta. Mo san ti mẹ́ta, mo sì sún.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ọ̀rọ̀ tí àgbà ń gbé pamọ́ fún ọmọ, ọmọ náà lè ti máa gbé e pamọ́ fún àgbà. Láti ọjọ́ náà, mi ò pe ara mi ní ọlọ́gbọ́n mọ́.

Táyé ti dé Kánádà. Ẹ̀gbọ́n mi ti sọ òótọ́ fún ọkọ rẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀wù òtútù méjèèjì ni ọkùnrin náà gbé lọ pàdé ọmọ. Ó ní bàbá ìbejì ni òun ti pe ara òun, òun ò ní dín in kù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó pè mí láàárọ̀, ohùn rẹ̀ kéré.

"Àbúrò, ẹ̀wù kejì yẹn, inú ilé la gbé e kọ́ sí, ẹnikẹ́ni ò wọ̀ ọ́ rí. Yìnyín ló wà lórí èjìká rẹ̀ nígbà tí mo jí. Kí ni ká ṣe?"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo irun ara mi dìde. Mo ní, "Ẹ má bẹ̀rù, ẹ̀gbọ́n. Ibẹ̀ dára nìyẹn."