Fọlábí Lọ Jó, Ó Tètè Dé

Ohun kan wà tí gbogbo Ọjà Akẹ̀sán mọ̀ nípa Ràmọ́tà onígbá, tí ó sì yẹ kí ẹ̀yin náà mọ̀ kí a tó sọ ohunkóhun mìíràn: kì í mú èyí tó bá ku ẹyọ kan ṣoṣo nínú àwo. Ìbáà jẹ́ ẹran, ìbáà jẹ́ àkàrà, bó bá ti ku ọ̀kan, Ràmọ́tà yóò nu ọwọ́ rẹ̀, yóò ní òun ti yó. Bí ẹni tí wọ́n jọ ń jẹun bá wá jẹ́ ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ tọ́, ọ̀kan tó kù náà lè pẹ́ níbẹ̀ títí ìdin yóò fi bá wọn dá sí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé yìí, wàrà díndín ló wà nínú àwo. Fọlábí, ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin, ló rà á ní Ìkòyí-Ilé kó tó wọkọ̀ bọ̀ wá sí Ọ̀yọ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú baba rẹ̀. Ijó jíjó ni iṣẹ́ Fọlábí. Òun ni wọ́n mú lọ sórí tẹlifíṣàn pé kó kọ́ gbajúmọ̀ kan níjó, kí àwọn méjèèjì wá bá àwọn gbajúmọ̀ mìíràn àti oníjó tiwọn figagbága. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ìdíje náà sí. Fọlábí parí tirẹ̀ lálẹ́ àkọ́kọ́.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kan ṣì ṣí sílẹ̀. Àwọn onítẹlifíṣàn fẹ́ dá ẹnì kan padà nínú àwọn tó ti jáde, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yìí gan-an ni ìbò rẹ̀ yóò sì parí. Tìtorí rẹ̀ ni Fọlábí ṣe wá. Ràmọ́tà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìbéèrè kan sì wà tí kò fẹ́ kí ọmọ náà bi òun.

"Ẹ kú ọjà o, Àǹtí mi." Fọlábí dọ̀bálẹ̀ láàárín àwọn igbá, ó rọra ṣe é kó má baà fọ́ ọ̀kankan.

"Àkànní, káàbọ̀. O tètè dé."

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi 'o tètè dé' kí mi. Láti gáréèjì ni wọ́n ti ń fi kí mi bọ̀."

"Kí ni kí a fi kí ọ? Ṣé kí a ní o pẹ́?"

Fọlábí jókòó lórí àpótí. "Kí lẹ sọ fún àwọn ará ọjà?"

"Mo ní o kàn lọ kí wọn níbẹ̀ ni, pé o ò lọ gbébẹ̀."

"Ẹ ní mo lọ kí tẹlifíṣàn."

"Mo ní o dé ọ̀hún, o yọjú sí wọn, o bọ̀. Kí ni mo tún fẹ́ wí? Ìyá Ìbùkún tó ń ta okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní òun kàn lọ sọ ọbẹ̀ kalẹ̀ ni, bí òun ṣe padà dé iwájú tẹlifíṣàn, ìwọ ló rí tí ò ń juwọ́. Ó rò pé ò ń kí wa kú alẹ́. Ó juwọ́ padà sí ọ."

"Ó dìgbóṣe ni mò ń sọ, Àǹtí."

"Ó ti wá yé e."

Ràmọ́tà sún àwo wàrà sí àárín àwọn méjèèjì. Fọlábí mú ọ̀kan, òun náà mú ọ̀kan.

"Kí ẹ mọ̀ pé kì í ṣe àwọn adájọ́ ló lé mi," ni Fọlábí wí. "Gbogbo wọn ló yìn mí. Wọ́n ní ẹsẹ̀ mi ń sọ̀rọ̀."

"Wọ́n gbọ́ ohun tó ń sọ?"

"Wọ́n ní irú mi ò wọ́pọ̀."

"Òótọ́ ni. A ò rí ọ pẹ́. Safurat tí wọ́n ní kí o kọ́ ńkọ́, obìnrin tó máa ń sọ fún wa bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí?"

"Mo kọ́ ọ dáadáa. Ẹ̀yin náà rí i."

"Mo rí i. Ó ń nawọ́ sọ́tùn-ún, ó ń nawọ́ sósì, bí ìgbà tó ń fi ibi tí òjò ti ń bọ̀ hàn wá. Nígbà tó nawọ́ sókè pátápátá, mo sáré lọ ká aṣọ."

"Àrà nìyẹn, Àǹtí. Èmi ni mo kọ́ ọ."

"Àrà náà dára. Òjò ni kò rọ̀."

Fọlábí fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ó rántí ohun tó bá wá. Ó gbé àpótí rẹ̀ sún mọ́ ọn.

"Ìbò ló lé mi, Àǹtí. Ìbò àwọn tó ń wò wá nílé. Ẹni tí tirẹ̀ bá kéré jù ló ń lọ, èmi ni tèmi kéré jù. Ohun tí kò yé mi nìyẹn. Èmi tí wọ́n bí ìyá mi l'Ọ́yọ̀ọ́, tí wọ́n bí baba mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, báwo ni tèmi ṣe máa kéré jù?"

Ràmọ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í fi aṣọ nu igbá kan tí kò ní eruku kankan lára.

"Ọmọ aráyé," ó ní.

"Ọmọ aráyé wo? Mo ti bi àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ná. Bàbá Ìresà, ẹ̀gbọ́n baba mi, ní ẹ̀yin lẹ tọ́ mi, pé bí àwọn bá lọ ń dìbò ṣáájú yín, yóò dà bí ìgbà tí àwọn fẹ́ já ọmọ gbà mọ́ yín lọ́wọ́. Ó ní gbogbo agbo ilé ló pa fóònù tì, tí wọ́n fi ààyè náà sílẹ̀ fún Ọ̀yọ́."

"Bàbá Ìresà ṣe é dáadáa. Ọmọlúàbí ni wọ́n. Àwa náà sọ bẹ́ẹ̀ níbí."

"Ẹ sọ pé kí ni?"

"Pé baba ló lọmọ. Pé Ògbómọ̀ṣọ́ ló yẹ kó ṣáájú, kí àwa tẹ̀lé wọn lẹ́yìn."

"Ẹ wá fi í sílẹ̀ fún Ògbómọ̀ṣọ́."

"Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀."

Fọlábí mú wàrà mìíràn. Bó ṣe ń jẹ ẹ́, èèyàn á rò pé ewúro ni.

"Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́, Àǹtí? Ṣé ẹ dìbò lálẹ́ ọjọ́ yẹn?"

Ìbéèrè ọ̀hún rèé. Ràmọ́tà wo ọ̀nà ààfin bóyá oníbàárà kan lè yọ. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ra igbá.

"Mo dìbò. Mo fi Ọlọ́run búra, mo dìbò."

"Fún èmi."

"Àkànní, a kì í yin ọmọ lójú ara rẹ̀."

"Mi ò sí lójú yín. Orí tẹlifíṣàn ni mo wà."

"Ò ń wò mí gbọnin. Nígbà tí o ní kí a dìbò fún ọ, èmi lo nàka sí. Ojú tì mí. Báwo ni kí n ṣe jókòó sáàárín àwọn ẹgbẹ́ mi, kí n máa tẹ fóònù pé ọmọ tèmi ló mọ̀ ọ́n jó jù? Wọn ò ní wí nǹkan kan. Wọ́n á kàn wo ara wọn."

"Ta wá lẹ dìbò fún?"

"Simon."

Fọlábí gbé wàrà tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Simon agbábọ́ọ̀lù. Simon tó ṣubú."

"Ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ó ṣubú."

"Ó jókòó bìdí sílẹ̀ láàárín ijó, Àǹtí. Gbogbo ayé ló rí i."

"Èmi náà wà nínú ayé. Ṣé kí n rí ẹni tó ṣubú kí n má kí i pẹ̀lẹ́? Ṣé bí mo ṣe tọ́ ọ nìyẹn? Mo rí nọ́ńbà rẹ̀ nísàlẹ̀ níbẹ̀, mo fi kí i."

"Nọ́ńbà ìbò ni. Kì í ṣe nọ́ńbà pẹ̀lẹ́."

"Ọ̀nà wo ni ò bá ní kí n gbà tí yóò fi gbọ́?"

Fọlábí mí kanlẹ̀. "Ẹ̀yin nìkan lẹ kí i?"

Ràmọ́tà yí igbá náà sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ń nù ún lọ. "Gbogbo ìlà wa ni. Àwọn aláṣọ náà ní ó dun àwọn. Ẹni tí kò ní fóònù yá ti ẹlòmíràn. Ìyá Ìbùkún fi tirẹ̀ kí i, ó tún fi ti ọkọ rẹ̀ kí i, ó ní ibi tó fi gbálẹ̀ yẹn kì í yára san."

"Simon ló gba ìbò jù lálẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn adájọ́ ò gbà á gbọ́. Òun alára ò gbà á gbọ́."

"Alihamudulilahi. Ara rẹ̀ ti yá nígbà náà."

Fọlábí rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Ìyẹn ti kọjá. Tòní yìí ni mo bá wá, Àǹtí. Ó ku èmi pẹ̀lú Safurat, ó ku Dorcas olórin pẹ̀lú oníjó tirẹ̀. Ọ̀kan péré ni wọ́n fẹ́ mú padà. Bí Akẹ̀sán bá fún mi ní ìdajì ohun tí wọ́n fún Simon, mo ti wọlé. Bí mi ò bá wọlé, ilé ẹ̀kọ́ ijó tí mo ṣí sí Ògbómọ̀ṣọ́ ti tú nìyẹn. Ìyá kan ti wá mú ọmọ rẹ̀ kúrò. Ó ní ọmọ òun ti mọ bí wọ́n ṣe ń juwọ́ láti ilé."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Ràmọ́tà lára. Ó sọ igbá kalẹ̀, ó mú fóònù rẹ̀.

"A ó dìbò fún ọ. Kí ẹni tó bá fẹ́ wo ara rẹ̀ máa wò. Dorcas wo lo tún ní?"

"Ẹ má bèèrè, Àǹtí."

"Ṣé kì í ṣe Dorcas tó sin baba rẹ̀ lóṣù tó kọjá?"

Fọlábí fọwọ́ bojú.

"Òun ni. Mo sì ń sọ ọ́ lọ́kàn ara mi pé mi ò tíì kí ọmọ náà kú ìsìnkú."

"Ẹ ò mọ̀ ọ́n rí."

"Ṣé ẹni tí a mọ̀ nìkan la ń kí? Ọ̀fọ̀ ń ṣẹ̀ ẹ́, ó tún ń jó. Ṣé nǹkan tó rọrùn ni?"

"Baba náà ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Gbogbo wọn ló jó níbi òkú ọ̀hún."

"Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere. Tiwọn ti parí. Ó ku bí a ó ṣe kí ọmọ."

"Àǹtí, wọn kì í fi ìbò kí ọlọ́fọ̀."

"Mo gbọ́. Tìrẹ ni mo máa kọ́kọ́ tẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo lè fi fóònù Ìyá Ìbùkún kí i."

"Ẹ ó fún mi ní ọ̀kan, ẹ ó fún òun náà ní ọ̀kan."

"Kó má baà dà bíi pé a kórìíra rẹ̀."

Fọlábí wo aago. Ó ti ń lọ sí márùn-ún. Ó dìde, ó tún jókòó, nítorí kò yẹ kó dúró lé àgbà lórí báyìí kó máa rojọ́.

"Ẹ dákun, Àǹtí, ẹ gbọ́ mi. Ìwà yìí ló lé mi. Kì í ṣe Safurat, kì í ṣe adájọ́. Àwọn ìlú yòókù, ọmọ wọn ò mọ ijó, wọ́n ń dìbò fún un bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń sọ fún ara wọn pé 'ẹ máa wọlé, rárá, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wọlé,' títí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn mọ́ èmi sóde."

Ó dun Ràmọ́tà, nítorí òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí igbá mọ bí a ṣe ń dojú nǹkan dé.

"Àkànní, fóònù wà lọ́wọ́ ìwọ náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn?"

"Ó wà lọ́wọ́ mi."

"Wọ́n jẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ń jó dìbò?"

"Wọ́n jẹ́ ká dìbò."

"Ta lo dìbò fún?"

Fọlábí wo wàrà. Wàrà ò gbà á sílẹ̀.

"Ẹ rí i, Àǹtí, ẹ̀gbẹ́ mi ni wọ́n gbé Simon jókòó sí. Omi dídì wà lábẹ́ ìdí rẹ̀. Bí mo ṣe mú fóònù jáde báyìí, ó gbójú sókè, ó wò mí."

"O wá ṣe báwo?"

"Mo kí i pẹ̀lẹ́."

"Ṣé ẹnu lo fi kí i?"

"Fóònù ni."

Ràmọ́tà mi orí pẹ̀sẹ̀pẹ̀sẹ̀. "Mo tọ́ ọ yanjú," ó ní.

"Ẹ jẹ́ ká ṣe tòní kí aago tó lù. Nọ́ńbà mi nìyí. Ó ku kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́."

Ràmọ́tà na fóònù sí i. "Ìwọ ni kó o tẹ̀ ẹ́. Ìwọ lọ̀rọ̀ kàn."

"Rárá, mà. Ẹ̀yin lẹ ni fóònù."

"Ìwọ lo ni ijó."

"Ẹ̀yin làgbà."

"Ìwọ làlejò."

"Èmi kì í ṣe àlejò, ọmọ yín ni mí."

"Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ní kó o mú un."

Fóònù lọ, fóònù bọ̀, lórí àwo wàrà. Ó kan Ràmọ́tà báyìí, ó sì ti fẹ́ gbà, ìka rẹ̀ ti wà lókè bọ́tìnì, nígbà tí fóònù náà dún fúnra rẹ̀. Àwọn onítẹlifíṣàn ló ránṣẹ́: ìbò ti parí, wọ́n sì dúpẹ́ gidigidi lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó dá sí i.

Fọlábí kà á síta.

"Wọ́n kúkú dúpẹ́," ni Ràmọ́tà wí. "Ilé ire ni wọ́n ti jáde."

Ó ku wàrà kan nínú àwo. Ràmọ́tà nu ọwọ́ rẹ̀, ó ní òun ti yó. Fọlábí, tí kò jẹ nǹkan gidi láti àárọ̀, ní òun náà ti yó. Wọ́n pe Ìyá Ìbùkún pé kó wá jẹun; ó ní á gba ibi ire. Wàrà náà ṣì wà níbẹ̀ títí di bí a ti ń wí yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ti bá wọn jókòó láti ọjọ́ yìí, ṣé ẹ máa bá wọn mú un, àbí ẹ̀yin náà ti yó?