Ìkéde Lórí Kásẹ́ẹ̀tì Òyìnbó àti Oúnjẹ Ọ̀sán Baálẹ̀

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Ìdí-Àgbọn, tọmọdé tàgbà, ẹ gbọ́ o! Ẹni tó ń lọ ata, kó dá ọmọ ọlọ dúró. Ẹni tó ń fárí, kó mú abẹ kúrò lórí oníbàárà. Baálẹ̀ Láwóyin ló rán mi! Kì í ṣe èmi ni mo sọ ọ́ o, Baálẹ̀ ni!

Ẹ rántí ìkéde ọjọ́ ọjà tó kọjá. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn, iṣẹ́ ni wọ́n rán mi nígbà yẹn náà. Ẹ rántí pé Tíṣà Abọ́sẹ̀dé, tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, gba ìwé tuntun. Ìwé náà ní kásẹ́ẹ̀tì. Ọkùnrin kan àti obìnrin kan ló ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, kí àwọn ọmọ lè tẹ́tí sí wọn, kí wọ́n sì mọ bí àwọn Òyìnbó ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀. Kíláàsì ò jìnnà sí fèrèsé Baálẹ̀. Baálẹ̀ gbọ́ Ẹ̀kọ́ Kìíní.

Ẹ̀kọ́ Kìíní nìkan ni Baálẹ̀ gbọ́ o! Ẹ jẹ́ kí n tún un wí. Ẹ̀kọ́ Kìíní nìkan!

Nínú Ẹ̀kọ́ Kìíní, obìnrin yẹn bi ọkùnrin yẹn bóyá á jẹ kéèkì. Ọkùnrin yẹn ní, "Yẹ́ẹ̀sì, pílíìsì." Ó bá jẹ ẹ́. Ó tán! Kò béèrè ilé, kò béèrè ọmọ. Kò sẹ́ni tó wúkọ́. Kò sẹ́ni tó já lu ọ̀rọ̀ ẹnì kejì. Bí ọ̀kan bá ń sọ̀rọ̀, èkejì á dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n bẹ̀ lọ́wẹ̀. Baálẹ̀ mi orí, ó ní ọ̀làjú dé. Ó ní bí ará kásẹ́ẹ̀tì ṣe ń fèsì ni kí gbogbo Ìdí-Àgbọn máa fèsì. Òun alára bẹ̀rẹ̀ sí í gba imú sọ̀rọ̀.

Ẹ sì gbọ́ràn! Ìgbọràn yín pọ̀ jù!

Lọ́jọ́ Sátidé, Baálẹ̀ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bó ti máa ń ṣe, iyán níwájú rẹ̀, ẹran ọ̀yà níwájú rẹ̀. Bàbá Ṣaléwá, bíríkìlà, ń kọjá lọ. Baálẹ̀ ní, "Ẹ wá bá wa jẹun o," bí bàbá rẹ̀ ti ń wí, bí bàbá-ńlá rẹ̀ ti ń wí, láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ ìlú yìí dó. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó jókòó rí! "Á gba ibi ire o" là ń wí, a ó sì kọjá. Bàbá Ṣaléwá ṣí fìlà. Ó ní, "Yẹ́ẹ̀sì, pílíìsì." Ó ṣan símẹ́ńtì ọwọ́ rẹ̀ sínú omi ìfọwọ́ Baálẹ̀. Ó jókòó. Orí ọ̀yà ló kọ́kọ́ mú!

Lọ́jọ́ kejì, àwọn akọrin ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀. Baálẹ̀ tún pè. Ẹnu ló yá a! Wọ́n dáhùn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ohùn òkè, ohùn ìsàlẹ̀: "Yẹ́ẹ̀sì, pílíìsì!" Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀ un, mo mọ̀ yín! Mo mọ ẹni tó lá ìsàlẹ̀ àwo!

Látìgbà náà, inú yàrá ni Baálẹ̀ ti ń jẹun, ó ń tilẹ̀kùn. Baálẹ̀ tó ń tilẹ̀kùn jẹun! Ahun ni wọ́n ń pe irú wọn láwọn ìlú mìíràn.

Inú bí i. Ó ní kí wọ́n sọ kásẹ́ẹ̀tì náà sí kànga, kí kíláàsì ìtẹ́tísílẹ̀ parí síbẹ̀. Ìdánwò àwọn ọmọ sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀! Tíṣà Abọ́sẹ̀dé kúnlẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ dákun, ẹ̀kọ́ ò tán síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tẹ Ẹ̀kọ́ Kẹta fún yín." Ó tẹ̀ ẹ́. Obìnrin inú kásẹ́ẹ̀tì ní òtútù mà mú nínú yàrá yìí o. Ọkùnrin yẹn dìde, ó lọ ti fèrèsé. Tíṣà wá béèrè bó ti wà nínú ìwé: kí ni obìnrin náà ń fẹ́? Baálẹ̀ ní ojú ọjọ́ ló ń ròyìn. Tíṣà ní, "Ó tì o, Bàbá. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ló sọ."

Ẹnu ya Baálẹ̀. Òyìnbó náà ń sọ àbọ̀ ọ̀rọ̀! Ẹ gbọ́ o, Òyìnbó náà ń sọ àbọ̀ ọ̀rọ̀!

Nítorí náà, ẹ gbọ́ àṣẹ tuntun.

Ìkíní! Ẹni tí wọ́n bá pè láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé kó wá jẹun, "Á gba ibi ire o" ni èsì. Kó má dúró. Kó má wo àwo. Ẹni tó bá wo àwo, yóò jókòó lórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ kékeré, yóò máa gbọ́ Ẹ̀kọ́ Kìíní títí kéèkì yóò fi sú u!

Ìkejì! Bí onílé bá dìde, tó bu omi ìfọwọ́ wá, tó fa àga fún ọ, tó tún pè ọ́, ìyẹn ti kúrò ní ti ẹnu. Jókòó! Ẹni tó bá ṣagídí nígbà náà, agbéraga ni. Bíríkìlà kankan kò gbọdọ̀ bá a mọlé fún ọdún kan gbáko!

Ìkẹta! Tíṣà yóò gba ohùn àwa náà sínú kásẹ́ẹ̀tì, kí àwọn ọmọ lè gbọ́ ibi tí tiwa àti ti Òyìnbó ti yàtọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́, kó wúkọ́ síbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ já lu ọ̀rọ̀, kó já lù ú. Ṣùgbọ́n Ìyá Ọláìtán, ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu yín, Baálẹ̀ ní ojú kan kásẹ́ẹ̀tì ni tiyín. Ẹ fi ojú kejì sílẹ̀ fún gbogbo ìlú!

Ìkẹrin, òun sì ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀! Lọ́la, bí oòrùn bá kàn wá lórí, Baálẹ̀ yóò padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Gbogbo wa ni a ó kọjá níbẹ̀. Baálẹ̀ á pè wá. Bí ẹnì kan, ẹnì kan péré, bá jókòó, kásẹ́ẹ̀tì di ti kànga, kíláàsì tú! Bí Baálẹ̀ bá jẹun yó, Tíṣà á máa kọ́ni lọ.

Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Ẹ wá jẹun o!

Ó tì. Mo gbọ́ pílíìsì kan láti ẹ̀yìn. Bàbá Ṣaléwá, ẹ dákun! Ṣaléwá wà nínú kíláàsì yẹn! Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe. Ẹ wá jẹun o!

Ẹ ṣeun. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni.

Mo mọ̀ pé ọ̀yà á máa ta sánsán. Mo mọ̀ pé ebi á máa pa yín. Ẹ ṣáà kọjá. Ẹ wí i, kó ti inú yín wá. Bí kò bá ti inú yín wá, ẹ ṣáà wí i! Ṣé inú Baálẹ̀ ni ìpè tirẹ̀ ti ń wá ni?

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn, Baálẹ̀ kọ́ ló rán mi.

Mo ti jẹ́ iṣẹ́. Ẹnu tí mo yá Baálẹ̀, mo ti gbà á padà. Ẹni tó gbọ́, kó sọ fún ará oko. Ó di adúgbò kejì o!