Àpótí Ìyá Etu Wọ Ààfin

Láyé ọjọ́un, nígbà tí ẹranko ń san owó orí lórí òjìji ara wọn, tó jẹ́ pé ọ̀sán gangan nìkan ni ara ń tu mẹ̀kúnnù, Ìkookò agbowó-orí já wọ ilé Ìyá Etu. Ìyá ti san tirẹ̀. Ìkookò ní òjìji náà tún ti gùn sí i, ló bá gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ lọ.

Ọkọ Ìyá Etu tó ti kú ló gbẹ́ àpótí náà. Ìbàdí sì ń dun ìyá yìí. Bó bá jókòó sílẹ̀, àfi kí aládùúgbò wá fà á dìde. Inú bí i, ó gba kóòtù ọba lọ.

Ẹ wá wo nǹkan! Bó ti gbójú sókè, àpótí rẹ̀ ló rí lábẹ́ ìdí Kìnnìún ọba. Wọ́n ti fi àrán bò ó, ṣùgbọ́n àmì tí ọkọ rẹ̀ máa ń fín sí ẹsẹ̀ àpótí yọ síta gbangba. Ìkookò ló fi ta ọba lọ́rẹ, ó ní òkè òkun lòun ti rà á.

"Òfin wa ni pé ẹni tí wọ́n gba nǹkan rẹ̀ ni yóò fi hàn bó ti níye lórí tó," ni Kìnnìún wí nígbà tí Ìyá Etu ro ẹjọ́ rẹ̀ tán.

"Kábíyèsí, àpótí gidi ni."

Ìkookò bú sẹ́rìn-ín. "Kí adé pẹ́ lórí! Àpótí rádaràda! Igi ìdáná lásán ni. Orí ẹni tó bá jókòó lé e ti dàrú."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Olóyè, ẹ jọ̀ọ́, orí ta ló dàrú?"

"Ẹnikẹ́ni tó bá jókòó lé e!"

"Ó dáa. Kábíyèsí, ẹ bá mi wo àmì ọkọ mi lẹ́sẹ̀ àpótí tẹ́ ẹ jókòó lé."

Kìnnìún bẹ̀rẹ̀, ó wò ó. Ìkookò dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Àṣìsọ ni, Kábíyèsí! Iyebíye ni! Gbogbo igbó yìí kò tó rà á!"

"Kò tó rà á!" ni àwọn ìjòyè gbè é.

Inú Ìyá Etu dùn dé ẹ̀yìn. Ẹ̀rí wo ló tún kù?

Kìnnìún wúkọ́. "Ìyá Etu, o fi hàn, ó sì dá wa lójú. Iye rẹ̀ kọjá ohun tí ẹnikẹ́ni lè san, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò ní san án. Nǹkan iyebíye bẹ́ẹ̀ kò sì yẹ nílé ìdáná." Ó tún ìdí rẹ̀ gbé jókòó dáadáa.

Gbogbo ẹranko tó wá wòran pàtẹ́wọ́, wọ́n ní ọba gbọ́n.

Ìyá Etu kọjú sí wọn. "Ẹ kú àtẹ́wọ́ o. Ẹ̀yin náà, kí ló wà nílé yín tó níye lórí?"

Àtẹ́wọ́ dáwọ́ dúró. Ni oníkálukú bá ki eré mọ́lẹ̀, ó di ilé. Ìkookò ti ṣáájú wọn jáde.